Bí a ṣe lè kọ́ ajá ilé láti máa fara balẹ̀

Ní àárọ̀ kùtù, àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ìwé. Bí wọ́n bá ti fẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ilé kan báyìí, ẹsẹ̀ wọn á yára. Ajá ilé náà á fò jáde, á gbó, á sáré tẹ̀lé wọn. Ọmọ tó bá sáré jù ni ajá á lé jù. Ìbáà jẹ́ ní agbègbè Kétu, ìbáà jẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, ó ṣòro kí abúlé tàbí àdúgbò kan má ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá burú, ajá á bu ọmọ jẹ. Ariwo á sọ, àwọn ọkùnrin á mú igi, wọ́n á pa ajá. Bó ṣe máa ń parí nìyẹn, títí ajá mìíràn á fi dàgbà nínú ilé kan náà, tí á sì máa ṣe bíi ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Nínú àlàyé yìí, a fẹ́ sọ bí a ṣe ń kọ́ ajá láti máa fara balẹ̀ lójoojúmọ́: nígbà tí àlejò bá wọlé, nígbà tí alùpùpù bá ń kọjá, nígbà tí ọmọdé bá ń ṣeré, àti nígbà tí dókítà ẹranko bá mú abẹ́rẹ́ dání. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Ajá tí a ò lè dì mú, a ò lè fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ajá tí kò sì gba abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ ni dìgbòlugi lè gbà wọ ilé. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ fàájì àwọn òyìnbó ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọmọ wa ni.

Kí ni a ń pè ní ìfarabalẹ̀?

Ajá tó fara balẹ̀ yàtọ̀ sí ajá tó ya ọ̀lẹ. Ó lè ṣọ́ ilé dáadáa. Òun ni ajá tó rí nǹkan, tó gbọ́ nǹkan, tó sì lè dúró wo ohun tí olówó rẹ̀ fẹ́ kó ṣe. Àwọn ọdẹ wa mọ èyí tipẹ́. Ajá tó ń gbó láìnídìí nínú igbó á ti lé ẹran sá kí ọdẹ tó débẹ̀. Ajá tó gbọ́n á máa rìn jẹ́jẹ́, bí ọdẹ bá dúró, òun náà á dúró. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà sọ: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tí ara rẹ̀ ò balẹ̀, ṣe ni etí rẹ̀ máa ń di.

Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀rù àti ìfarabalẹ̀ máa ń jọra lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ajá tó fara balẹ̀, ara rẹ̀ á dẹ̀, ẹnu rẹ̀ á là díẹ̀, á lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á sì lè gba oúnjẹ lọ́wọ́ yín. Ajá tí ẹ̀rù ń bà lè dákẹ́ náà, àmọ́ ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Ìrù rẹ̀ á wọ abẹ́ itan. Ara rẹ̀ á le gbagidi. Á máa yán nígbà tí oorun ò kùn ún, á máa fi ahọ́n lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ, á máa yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, funfun ojú rẹ̀ á sì máa hàn. Ohun tó ń sọ ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀.” Bí wọn ò bá fi í sílẹ̀, á kùn. Bí wọn ò bá tún fi í sílẹ̀, á bu èèyàn jẹ.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹ má na ajá nítorí pé ó kùn. Kíkùn jẹ́ ìkìlọ̀. Ajá tí wọ́n nà títí tó fi jáwọ́ nínú kíkùn, ẹ̀rù rẹ̀ ò tán, ìkìlọ̀ rẹ̀ ló tán. Irú ajá bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn máa ń sọ pé, “Kò tilẹ̀ gbó, ó kàn gé e jẹ ni.”

Kí ló ń fa àìfarabalẹ̀?

Ohun mẹ́fà ló wọ́pọ̀ ní àárín wa:

1. Ebi àti òùngbẹ. Ajá tí kò mọ ìgbà tí oúnjẹ máa dé á máa ṣọ́ gbogbo ọwọ́ tó bá mì.
2. Ìdè. Ajá tí a so mọ́ igi kan láti àárọ̀ dé alẹ́ kò rí ibi tí á lo agbára rẹ̀ sí. Ohun gbogbo tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa fẹ́ gbéjà kò, nítorí ó mọ̀ pé òun ò lè sá.
3. Àìmọ̀. Ajá tí wọ́n tọ́ sínú ọgbà nìkan, tí kò rí alùpùpù, tí kò rí ọmọdé tàbí ẹni tó ru ẹrù, á máa bẹ̀rù wọn nígbà tó bá dàgbà.
4. Ẹgba. Ẹni tí a nà kò mọ ohun tó ṣe, ẹni tó nà án nìkan ló mọ̀.
5. Àìsàn àti ìrora. Egbò inú etí, aràn inú, eégbọn, ehín tó ń dùn ún: èyíkéyìí nínú wọn lè sọ ajá dídákẹ́ di oníbìínú.
6. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ láìmọ̀. Èyí ló pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìkẹfà yìí, nítorí àwa fúnra wa ṣe àṣìṣe náà. Ajá kan wà nílé wa tó máa ń fò mọ́ àlejò. Gbogbo ìgbà tó bá ti fò, a máa ń pariwo orúkọ rẹ̀, a máa ń fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Bí a ṣe ń tì í ló ń padà wá. Ìgbà tó yá la wá rí i pé eré ló rò pé a ń bá òun ṣe. Nígbà tó bá sì dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ níwèé mọ ọ̀rọ̀ yìí: ọmọ tó jókòó jẹ́jẹ́ kì í gba ojú olùkọ́, ọmọ tó ń pariwo ni gbogbo ojú máa ń wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá máa béèrè ìdí tí ariwo fi ń pọ̀ sí i.

Ohun tí ajá nílò kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀

Kò sí ẹ̀kọ́ tó lè wọ inú ajá tí ebi ń pa. Ẹ fún un lóúnjẹ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ pẹ̀lú orí ẹja. Ẹ gbé omi tó mọ́ sí ibi tó lè dé. Ẹ wá ibi tó ní ìbòòji fún un, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ahọ́n tó yọ síta tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára.

Oorun ṣe pàtàkì. Ajá àgbà lè sinmi tàbí kó sùn fún wákàtí 12 sí 14 nínú wákàtí 24, ọmọ ajá sì máa ń sùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá tí àwọn ọmọ ò jẹ́ kó sùn lọ́sàn-án á máa bínú lálẹ́. Ẹ yan igun kan fún un tí ẹnikẹ́ni ò ní máa fọwọ́ kàn án.

Ó tún yẹ kí ara rẹ̀ jáde. Ẹ mú un dání lọ sí oko, tàbí kí ẹ fi okùn mú un rìn fún ìṣẹ́jú 20 kí oòrùn tó mú. Ẹ jẹ́ kó máa gbóòórùn ilẹ̀ bó ṣe ń rìn. Imú ni ojú ajá. Ajá tó gbóòórùn tó, tó sì jẹ egungun màlúù tútù tó nípọn fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ á rọ̀. Àmọ́ ẹ má fún un ní egungun adìyẹ tí a ti sè. Ó máa ń fọ́ ṣóńṣóńṣó, ó sì lè gún un nínú.

Ìlànà kan ṣoṣo: ẹ sanwó fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Ohun tí ajá bá rí èrè nínú rẹ̀ ló máa tún ṣe. Gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù dúró lórí gbólóhùn yìí. Ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà kan wà, Ivan Pavlov, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, ó rí i pé bí ìró kan bá ń ṣáájú oúnjẹ nígbà gbogbo, ajá á bẹ̀rẹ̀ sí da itọ́ nígbà tó bá gbọ́ ìró náà, kódà kí oúnjẹ tó dé. Ara ajá ti so nǹkan méjèèjì pọ̀. Ohun tí à ń ṣe náà nìyẹn: a fẹ́ so ohun tó ń da ajá láàmú pọ̀ mọ́ ohun rere.

Owó tí à ń san kò tó nǹkan. Ẹ gé ẹja gbígbẹ sí wẹ́wẹ́, kó má tóbi ju èékánná lọ, tàbí kí ẹ mú díẹ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Ẹ má ra nǹkan kan lọ́jà nítorí èyí. Àmọ́ ẹ yára. Kí èrè dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lẹ́yìn tó ṣe ohun rere. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ajá ò ní mọ ohun tí ẹ sanwó rẹ̀. Bákan náà ni ìyà rí. Ẹni tó dé láti ọjà, tó rí i pé ajá ti jẹ bàtà láti àárọ̀, tó wá nà án, ohun tó kọ́ ọ ni pé ẹni tó bá ti ọjà dé máa ń na èèyàn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, a máa ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò, orúkọ á sì gùn bí òwe. Kò burú. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ fẹ́ bá wí. Àmọ́ ẹ wá ìpè kúkurú kan fún ajá fúnra rẹ̀, kí ó má ju sílébù méjì lọ, tàbí kí ẹ máa sú ìfé. Ẹ má fi ìpè yẹn bínú sí i láé. Ìpè náà gbọ́dọ̀ máa mú ohun rere wá ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ mẹ́ta

Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta tó fún ẹ̀kọ́ kan, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ dá a dúró kí ó tó sú ajá.

Ẹ̀kọ́ kìíní: kíká ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ fi èérún ẹja sínú àpò. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rí i tó dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹ pàṣẹ, ẹ rọra fi èérún kan sí ààrin ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì iwájú, kí ẹ máa lọ. Ẹ má pariwo, ẹ má fọwọ́ pa á lórí. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò ní pẹ́ tí ajá á fi máa dùbúlẹ̀ nítòsí yín, tí á sì máa wojú yín.

Ẹ̀kọ́ kejì: àpò ìjókòó. Ẹ tẹ́ àpò àgbàdo tó ti gbó sí igun kan. Ẹ ju èérún kan sórí rẹ̀. Bí ajá bá gun àpò náà, ẹ fún un ní òmíràn. Bí ó bá jókòó, òmíràn. Bí ó bá dùbúlẹ̀, méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé “Lọ sí àpò” kí ó tó gùn ún. Ẹ kọ́kọ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá máa sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, méjì, márùn-ún. Bí ó bá dìde, ẹ ti yára jù. Ẹ padà sí ibi tí ó ti ṣe é dáadáa.

Ẹ̀kọ́ kẹta: àlejò. Ẹ bẹ ọ̀rẹ́ kan tí ajá mọ̀. Kí ó wọlé, kí ó sọ “Ẹ kú ilé o”, kí ó sì dúró. Bí ajá bá fò mọ́ ọn, kí àlejò yí ẹ̀yìn sí i, kí ó má wò ó, kí ó má sọ̀rọ̀. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ajá bá fi kan ilẹ̀, ẹ sanwó. Nígbà tó bá ti mọ àpò rẹ̀, ẹ rán an lọ síbẹ̀ kí àlejò tó jókòó. Gbogbo ará ilé gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan o. Bí ìyá bá ní kí ó má fò, tí ọmọ ń bá a fò lẹ́yìnkùlé, asán ni gbogbo rẹ̀.

Alùpùpù àti zémidjan

Ajá tó ń lé alùpùpù lè pa ara rẹ̀, ó sì lè pa ẹni tó gùn ún. Ìyá ọlọ́jà tó jókòó sẹ́yìn zémidjan pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn kò ní ibi tó lè sá sí. Ohun tó bá ń sáré máa ń fa ajá, ìṣẹ̀dá rẹ̀ nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ní ojú tirẹ̀, ó máa ń borí nígbà gbogbo: ó gbó, alùpùpù náà sì lọ. Kò mọ̀ pé ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má jẹ́ kó rí àyè lé e mọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Ẹ fi igi tàbí imọ̀ ọ̀pẹ dí ojú ọgbà, tàbí kí ẹ fi okùn gígùn mú un. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sí ibi tó jìnnà sí ọ̀nà, ibi tó ti lè rí alùpùpù láìgbó. Ó lè jẹ́ 50 mítà, ó lè jẹ́ 100. Bí alùpùpù bá yọ, ẹ fún un ní ẹja. Bí ó bá kọjá tán, ẹja tán. Ẹ ṣe èyí lójoojúmọ́. Tó bá di pé ajá gbọ́ ìró alùpùpù tó sì yíjú sí yín láti gba tirẹ̀, ẹ sún mọ́ ọ̀nà ní ìṣísẹ̀ márùn-ún. Bí ó bá tún gbó, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Iṣẹ́ yìí lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fún àwọn míì ó lè gba oṣù. Ẹ má kánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ọ̀nà kan náà ni ẹ fi ń kọ́ ọ nípa ewúrẹ́ àti adìyẹ: kó jìnnà, kó wà lórí okùn, kó gba èrè nígbà tó bá wò wọ́n tó sì yíjú padà.

Ariwo ìbọn, ìlù àti àrá

Ìsìnkú àgbà, ọdún tuntun, ìjì ìgbà òjò: ẹ mọ bí ìró ṣe ń pọ̀ tó. Ẹlòmíràn máa ń so ajá mọ́ ìta lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kó má baà sá lọ. Ìyẹn á jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ sí i, ó sì lè fi okùn pa ara rẹ̀. Ẹ mú un wọ yàrá kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ́ àpò rẹ̀ síbẹ̀, ẹ ti fèrèsé, ẹ fún un ní nǹkan tó lè máa jẹ. Bí ó bá wá sápamọ́ sí ẹsẹ̀ yín, ẹ má lé e. Títu ẹni tí ẹ̀rù ń bà nínú kò kọ́ ọ ní ẹ̀rù.

Ẹ kọ́ ọ láti gba ọwọ́ àti abẹ́rẹ́

Ibí ni a ti fẹ́ dé láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ àjẹsára, ẹ ó rí àwọn tó fi okùn fa ajá lọ́rùn, èèyàn mẹ́rin á dì í mú, á máa jà, á já, á sá wọ igbó. Olówó rẹ̀ á ní, “Ó di ọdún tó ń bọ̀.” Ajá náà á wà láàárín wa láìní ààbò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé, oṣù kan ṣáájú. Ẹ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ẹ fún un ní ẹja. Ẹ gbé etí rẹ̀ wò, ẹja. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ẹja. Ẹ fa awọ ọrùn rẹ̀ díẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, ẹja. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tí ajá mọ̀ náà ṣe é. Ẹ kọ́ ọ láti máa wọ okùn ọrùn tí kò fún un jù, tí ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kó mọ ohun tí a fi ń dí ẹnu ajá: ẹ fi ẹja síbẹ̀ kó máa ti imú rẹ̀ wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ tó dì í fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Bí ọmọ ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Dókítà á kọ ọjọ́ tí ẹ máa padà sínú ìwé, èyí tí à ń pè ní carnet. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ìbí ọmọ.

Ọmọ ajá: àkókò tí kì í padà

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé ọ̀sẹ̀ 12 sí 14, ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀. Ohun tó bá mọ̀ sí rere nígbà yẹn, kò ní bẹ̀rù rẹ̀ nígbà tó bá dàgbà. Ẹ jẹ́ kó rí ọmọdé, arúgbó tó ń tẹ̀pá, obìnrin tó ru igbá, ẹni tó wọ agbádá, alùpùpù tó dúró, ewúrẹ́. Ẹ gbé e dání bí ẹ bá ń bẹ̀rù àìsàn ilẹ̀. Ẹ má já a gbà lẹ́nu ọmú kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjọ, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ló ti ń mọ bí wọn kì í ṣe é buni jẹ le jù.

Ẹ̀kọ́ tàwọn ọmọdé

A ò lè kọ́ ajá nìkan ká má kọ́ ọmọ. Ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n tún un sọ fún yín:

- Ẹ má sún mọ́ ajá tó ń jẹun, tó ń sùn, tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú.
- Ẹ má fa ìrù tàbí etí rẹ̀, ẹ má gùn ún, ẹ má sọ òkò lù ú.
- Bí ajá bá sáré bọ̀, ẹ má sá. Ẹ dúró bí igi, ẹ ká ọwọ́ mọ́ra, ẹ wo ilẹ̀, ẹ má wo ojú rẹ̀.
- Bí ó bá bì yín ṣubú, ẹ ká ara yín jọ bí òkúta, ẹ fi ọwọ́ bo ọrùn àti etí.
- Bí ajá bá gé yín jẹ, tàbí tó ha yín léèékánná, ẹ wá sọ fún wa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ò ní nà yín.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lágbára o. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ẹgba á fi aṣọ bo ojú egbò.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀kọ́

Bí ìwà ajá bá yí padà lójijì, ẹ má kọ́ ọ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ajá dídákẹ́ tó wá ń gé igi àti òkúta jẹ, tó ń da itọ́, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí kò lè gbé omi mì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ajá ìgboro tó wá sún mọ́ èèyàn pẹ́kípẹ́kí láìbẹ̀rù náà lè ní in. Ẹ kó àwọn ọmọ wọlé, ẹ pe dókítà ẹranko.

Inú itọ́ ni kòkòrò àrùn náà wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé dìgbòlugi ń pa nǹkan bí èèyàn 59,000 lọ́dún ní àgbáyé, ara ajá ni ó sì ti ń wá nínú ìdá 99 nínú 100. Nínú àwọn tí ẹranko tí a fura sí ń gé jẹ, ìdá 40 nínú 100 jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì àrùn bá ti yọ lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń bọ́. Kí àmì tó yọ, abẹ́rẹ́ lè gbà á là. Ìdí nìyẹn tí wákàtí àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì:

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago. Ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ.
2. Ẹ má fi ata, epo, eruku tàbú tàbí ewé sí i. Ẹ má dì í pa.
3. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, bí egbò náà tilẹ̀ kéré. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, ẹ gbà á pé.
4. Ẹ má yára pa ajá náà, kí ẹ sì má jẹ ẹran rẹ̀. Bí a bá lè dè é láìséwu, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Àmọ́ ẹ má dúró de ọjọ́ mẹ́wàá yìí kí ẹ tó lọ gba abẹ́rẹ́ tiyín.

Ní ṣókí

Oúnjẹ, omi, ìbòòji, oorun àti ìrìn ló ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ sanwó fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má sanwó fún ariwo. Ẹ jìnnà sí ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí ẹ wá máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́ ọ láti gba ọwọ́, kí ó lè gba abẹ́rẹ́. Ẹ kọ́ ọmọ pẹ̀lú ajá.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún ni ọjọ́ ìgbógunti dìgbòlugi ní àgbáyé. Ọjọ́ tí Louis Pasteur kú ní ọdún 1895 ni wọ́n mú, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ ṣe àjẹsára àrùn náà fún èèyàn ní ọdún 1885. Ẹ má dúró dìgbà náà. Lálẹ́ òní, bí ajá yín bá dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná, ẹ ju èérún ẹja kan sí i níwájú. Ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.